Ìwé Ọkọ̀ Ìyá Mùs'áb

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mú lẹ́tà náà wá bá Ìyá Mùs'áb ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá títì Ìta-Ọ̀ṣìn, lójú gbogbo ayé, bí ẹni pé wọ́n ká ẹrù olè mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ, akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, ló mú un wá, kò sì lè wo ojú obìnrin náà bó ṣe ń nà án sí i. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà kò gùn. Wọ́n ní kí ó kó gbogbo ìwé tó ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ oníkálùkù sí wá sí ìpàdé ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìmọ́tótó àyíká, kí wọ́n dáná sun wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, kí ó má ṣe gbé àga síta kọjú sí títì mọ́.

Ìyá Mùs'áb kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bútà kan, ó wá wo akọ̀wé láti òkè délẹ̀.

"Akọ̀wé, ta ni mo jí gbé?"

"Ìyá Mùs'áb, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n rán mi ni."

"Mo mọ̀ pé wọ́n rán yín. Ta ni mo jí gbé?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ ní ẹ kú ọjà, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Àsíátù, ìyá Mùs'áb. Ẹní ìkírun, bútà, tẹ̀súbáà àti jálàbíà ló ń tà. Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n bí i sí ní Ìtokò, níbi tí ọmọdé ti ń mọ ojú oníbàárà kó tó mọ ABD. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ méjì ló bí: Ummulkulthum, tó ń ṣe olùkọ́ nínú ìlú, àti Mùs'áb, tó ti wà ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà láti ọdún mẹ́jọ, tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí i. Láti ọjọ́ tí Mùs'áb ti wọ bàálù, kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Abẹ́òkúta. Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé ó ń dùn ún. Bí wọ́n bá ti pe ara wọn, ọkọ̀ ni wọ́n máa ń sọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọdún kìíní, ọ̀rọ̀ wọn lórí fóònù kì í ju mẹ́rin lọ. Ṣé o ti jẹun? Mo ti jẹun. Ṣé ara le? Ara le. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á dákẹ́, wọ́n á máa gbọ́ èémí ara wọn, káàdì á sì máa jó. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọmọ náà fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Ọkọ̀ kékeré kan ni, kò ga ju fíríìjì lọ, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, iwájú gan-an ni ilẹ̀kùn ọ̀hún sì wà, níbi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà. Ìyá Mùs'áb rẹ́rìn-ín títí oníbàárà fi bi í pé kí ló dé. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ padà: "Tèmi ju tìẹ lọ. Fólúwágìnnì ìjàpá kan kọjá níbí láàárọ̀. Wọ́n ti gé ìdí ẹ̀ kúrò, wọ́n fi pákó rọ́pò, ewúrẹ́ mẹ́ta sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni ń lọ ìkómọ."

Mùs'áb ní, "Màámi, irọ́ ni. Nọ́ńbà ẹ̀ ńkọ́?"

Kò mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Òun, Àsíátù, tí kò purọ́ fún oníbàárà rí, ni ọmọ tí òun bí ń pè ní onírọ́. Ó ra ìwé ìkọ̀wé kan àti báírò lọ́jọ́ yẹn, ó gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kọjú sí títì. Láti ìgbà náà ni òfin ti dúró láàárín wọn: bí kò bá sí nọ́ńbà, ọkọ̀ ò sí. Ọjọ́, wákàtí, àwọ̀, nọ́ńbà, ibi tó kọrí sí, ẹni tó wà nínú ẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa yà wọ́n ní fọ́tò, ṣùgbọ́n kí fóònù rẹ̀ tó lajú, ọkọ̀ á ti dé Láfẹ́nwá. Báírò ló dára jù.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, Ṣáínà àti Ìta-Ọ̀ṣìn á kojú ara wọn. Mùs'áb á fi ọkọ̀ tí wọ́n so ìpéǹpéjú mọ́ iná rẹ̀ ránṣẹ́. Á fi ọkọ̀ dúdú kan tó gùn gbọọrọ, tó ti dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ, tí wọ́n ta kọ́tìnnì sí fèrèsé rẹ̀, ránṣẹ́. Á fi ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí arúgbó kan fi ń ta kábéèjì ránṣẹ́, àti èyí tí kò ní dẹ́rẹ́bà rárá, tó ń dá wa ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á ka tiwa fún un láti inú ìwé: Píjò kan tí kì í ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá gbé e sórí gegele, tírélà sìmẹ́ńtì láti Ewékorò tó ní ojú kan, mọ́tò òkú tí wọ́n kó iṣu sí. Ọmọ náà á rò ó wò, á sọ ẹni tó borí lọ́sẹ̀ náà. Jímọ̀ kan ò lọ lásán láti ìgbà náà. Ìwé ọ̀hún ti di mọ́kànlá báyìí, inú àpótí bàtà ni wọ́n wà lábẹ́ káńtà.

Ta wá ni èyí ń pa lára? Kò pa ẹnikẹ́ni lára, àfi ìgbà tí Alhaji Sàlàhúdíìnì ra mọ́tò.

Alhaji Sàlàhúdíìnì ni alága àdúgbò. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ tóbi, àwọ̀lékè rẹ̀ kì í rún. Oṣù méjì sẹ́yìn ló gbé ọkọ̀ Ṣáínà kan wálé, irú èyí tí kì í mu epo, iná ló ń lò. Àwọ̀ ẹyẹlé ni. Kì í dún. Ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ inú ara ọkọ̀ lọ, àfi tí onítọ̀hún bá sún mọ́ ọn ni á yọ jáde. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí: ẹni bá ra mọ́tò, àdúgbò á ní àwọn ń bọ̀ wá bá a fọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ń mú omi tàbí ọṣẹ dání wá. Alága se ìrẹsì, ó pa àgbò. Àáfà Abdulkabir gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣe àdúrà gígùn fún ẹni tó kọ́kọ́ gun ọkọ̀ tuntun náà, pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó sunkún nínú ẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ṣe àmín.

Alága wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní láti ilé iṣẹ́ wọn ní Ṣáínà ni ọkọ̀ náà ti wá tààrà. Ó ní ìdí ẹnì kankan ò tíì kan ìjókòó ẹ̀ rí. Nígbà tí ẹnìkan bi í pé kí ló dé tí díńgí ẹ̀gbẹ́ òsì fi dúdú, tí tọ̀tún sì jẹ́ àwọ̀ ẹyẹlé, ó rẹ́rìn-ín aláàánú. "Àṣà tuntun ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn."

Ìyá Mùs'áb wà níbẹ̀, àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn kọjá àlà, nítorí ó mọ ọkọ̀ náà. Mísítà Lí ló ń wà á tẹ́lẹ̀, ọmọ Ṣáínà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lọ́nà Ewékorò, kó tó padà sílé. Obìnrin náà rò pé òun ò ní rí ọkọ̀ yẹn mọ́ láyé. Ó rọra sún mọ́ alága, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí, bí ẹni ń fún un lẹ́bùn: "Alága, ẹ kú oríire. Mo mọ ọkọ̀ yìí rí. Ojú mi ni tírélà ṣe gé díńgí yẹn. Ó wà nínú ìwé mi aláwọ̀ ewé, màá mú un wá kí ẹ rí i."

Ẹ̀rín kú lójú alága. "Mọ́tò jọra, Ìyá Mùs'áb."

"Mọ́tò lè jọra, àpá ò lè jọra."

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ni alága wí, ó sì yíjú sí àlejò mìíràn. Ìyá Mùs'áb padà sídìí ìrẹsì rẹ̀. Kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn ajínigbé gbé ọkọ Àlímátù, obìnrin àdúgbò wọn kan, lójú ọ̀nà oko. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tú u sílẹ̀, ara rẹ̀ ti rù, kò fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo àdúgbò, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rù yẹn rí ojú tó máa wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ni obìnrin oníbútà yẹn ń fi nọ́ńbà mọ́tò ṣe. Ta ló ń fi ránṣẹ́ sí? Kí ló dé tó fi ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀? Oníbàárà ń dín kù. Harriet pàápàá, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n ti ń jọ pín oúnjẹ jẹ láti ogún ọdún, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọ inú. Kò bú u, kò yan án lódì. Ó kàn gbé ẹ̀rọ wọlé ni. Ìyẹn ló dun Ìyá Mùs'áb jù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejì tí lẹ́tà dé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, alága fúnra rẹ̀ yọ sí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Mùs'áb ò gbọ́ dídé ọkọ̀ náà. Ó kàn gbójú sókè ni, ó rí i níwájú rẹ̀.

"Ìyá Mùs'áb, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ kó di ariwo. Ìyá wa lẹ jẹ́. Ẹ fún mi ní ìwé aláwọ̀ ewé yẹn nìkan. Màá sọ fún wọn lọ́la pé mo ti yẹ gbogbo ẹ̀ wò, mi ò rí nǹkan burúkú níbẹ̀. Ẹ ó máa jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí."

"Aláwọ̀ ewé nìkan?"

"Òun nìkan."

Ìyá Mùs'áb wo ọkùnrin náà, ó wo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wo díńgí dúdú tó wà lápá òsì. Gbogbo rẹ̀ wá yé e lẹ́ẹ̀kan náà, inú sì bí i.

"Alága, ṣé nítorí díńgí lẹ ṣe pè mí ní ajínigbé?"

"Mi ò pè yín ní nǹkan kan. Àwọn aráàlú ló ń sọ̀rọ̀. Orúkọ yín ni mo fẹ́ dáàbò bò."

"Orúkọ mi wà lọ́wọ́ mi. Ẹ dáàbò bo tiyín."

Ọkùnrin náà wọnú ọkọ̀, ó sì lọ láìdún.

Ummulkulthum dé nírọ̀lẹ́, ó ti gbọ́. Ó jókòó lórí ẹní ìkírun tí wọ́n ká jọ, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Màámi, ẹ fún un. Ìwé kan nínú mọ́kànlá. Àwọn òbí ọmọ iléèwé wa ń bi mí ní ìbéèrè. Mo ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, ojú ń tì mí."

"Kí ló ń tì ọ́ lójú? Ohun tí mo ṣe, àbí ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Ṣé ó yàtọ̀, Màámi?"

"Ó yàtọ̀."

Ọmọbìnrin náà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣáínà, ó fi fóònù sí etí ìyá wọn. Mùs'áb ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́, kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ kó gbogbo ẹ̀ fún wọn. Eré lásán ni. A ó máa rí nǹkan mìíràn sọ."

"Bíi kí ni?"

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èémí ara wọn, bíi ti ọdún kìíní.

"Gbọ́ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ nínú oòrùn, mo kọ ọ́ nínú àárẹ̀, mo kọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá yín, nígbà tí mo darí dé tí mi ò mọ ibi tí mo lè wò. Ìwé mi ni. Bí o ò bá fẹ́ gbọ́ ọ mọ́, màá máa kọ ọ́ fún ara mi."

Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n gbálẹ̀ ojú gọ́tà tán, àdúgbò kóra jọ sí ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Alága jókòó níwájú. Ó ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò níbi tí gbogbo ènìyàn lè rí i. Wọ́n gbé ike kẹrosíìnì kan àti ìṣáná sórí tábìlì, bí ẹni tẹ́ oúnjẹ. Ìyá Mùs'áb dé, ó ru ìwé mọ́kànlá nínú abọ́ ike ńlá. Wọ́n ní kó gbé e sílẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Àlímátù ló kọ́kọ́ dìde, obìnrin tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú. "Ìyá Mùs'áb, mi ò ní bú yín. Ẹ wò mí lójú, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mi. Ta lẹ ń kọ ọ́ fún?"

Ìyá Mùs'áb dìde fún un. Nínú gbogbo wọn, obìnrin yìí nìkan ló kà sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi òun.

"Àlímátù, ọmọ mi ni mo ń kọ ọ́ fún. Ọdún mẹ́jọ nìyí tí mo ti fojú kàn án. Ọkọ̀ tó ṣàjèjì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, òun á sọ tọ̀hún, èmi á sọ tibí. Kò sí ẹlòmíràn tí mo ń kà á fún. Wọ́n fẹ́ sun ún, mo ti gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní sun ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀. Màá kà á kí ẹ gbọ́."

Kò dúró kí wọ́n gbà á láyè. Ó ṣí èyí tó wà lókè.

"Ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹta. Aago mọ́kànlá àárọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, funfun, iná orí ẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ó kọrí sí Láfẹ́nwá. Ìyàwó tuntun ló wà nínú ẹ̀, ó da ìborùn pupa bojú. Ọkọ̀ ìyàwó ló kú sí Ewékorò."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Abdulbaqi tó ń lẹ táyà ni. "Ìyàwó mi nìyẹn," ló wí. "Títí dòní, àwọn àna mi ṣì ń bi mí pé ta ló ṣàìsàn."

Ó kà síwájú. Ó ka Píjò orí gegele, ó ka tírélà olójú kan, ó ka àwọn ewúrẹ́ mẹ́ta inú ìjàpá, tó ti padà wá kọjá lọ́dún kejì pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ gbangba. Àwọn ènìyàn ń fa àga sún mọ́ ọn. Wọ́n ń tún un ṣe fún un, pé rárá, pupa ni Píjò yẹn, òun náà á sì ní kí wọ́n wá wo ohun tó wà nílẹ̀. Ó ṣí ìwé karùn-ún.

"Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹwàá. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Dátsún aláwọ̀ ọsàn, ilẹ̀kùn kan búlúù. Bàbá Ìlérí ló wà á, òun nìkan. Ó tẹ hóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Harriet dìde lórí ẹ̀rọ, ó juwọ́ sí i. Irú Dátsún yìí ò ju ẹyọ kan lọ mọ́ nílùú yìí."

Ọkọ Harriet ni Bàbá Ìlérí, ọ̀sẹ̀ yẹn ló wa ọkọ̀ kẹ́yìn kó tó kú. Harriet jókòó láàárín èrò pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó dìde, ó rìn wá síwájú títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ abọ́ ike náà.

"Ẹ tún un kà," ló wí.

Ìyá Mùs'áb tún un kà. Nígbà tó dé ibi hóònù lẹ́ẹ̀mẹta, Harriet fi tépù rẹ̀ nu ojú. "Mo ti gbàgbé pé lẹ́ẹ̀mẹta ni," ló wí. Ó gbé kẹrosíìnì kúrò lórí tábìlì, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìwé, ó padà wá jókòó sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Alága rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó ti ń fojú ka iye ìwé tó kù nínú abọ́ náà láti ìjókòó, ó mọ iye ìwé tó kù kí wọ́n tó kan aláwọ̀ ewé. Ó dìde, ó tún àwọ̀lékè rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yin ará, a ti gbọ́. Ìyá àgbà ni wọ́n. Lórúkọ àdúgbò, mo ní ká dárí jì wọ́n. Kí wọ́n kó ìwé wọn lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Ká ní ó mọ ìwà Àsíátù ni, kò ní lo ọ̀rọ̀ yẹn.

"Ẹ dárí jì mí?" ló wí. "Kí ni mo ṣe? Alága, ẹ ò lè dárí ohun tí mi ò ṣe jì mí. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé gbogbo ẹ̀ wá, ó ku èyí tẹ́ ẹ wá fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi lánàá."

Ó fa aláwọ̀ ewé yọ. Alága ò jókòó, kò sì lọ.

"Ọjọ́rú, oṣù karùn-ún, ọdún 2023. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ Ṣáínà, àwọ̀ ẹyẹlé, kì í dún. Nọ́ńbà Èkó ló ní. Mísítà Lí ló wà á láti ọ̀nà Ewékorò. Ó dúró, ó ra bútà. Mo ní kì í ṣe tíì ni wọ́n ń sè nínú ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní tíì lòun máa sè. Bó ṣe ń padà sójú títì, tírélà sìmẹ́ńtì fara họ ọ́, ó gé díńgí apá òsì dànù. Ọlọ́run yọ ọ́." Ó ṣí ojú ewé. "Ọ̀sẹ̀ kejì. Ọkọ̀ náà tún kọjá. Wọ́n ti fi díńgí dúdú sí apá òsì, tọ̀tún ṣì jẹ́ àwọ̀ ẹyẹlé. Àpá ibi tí tírélà ti họ ọ́ wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gùn tó apá mi. Mùs'áb ní èmi ni mo borí lọ́sẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé, n kò tíì rí ọkọ̀ tó wù mí tó báyìí."

Kò pe orúkọ ẹnì kankan. Kò sí ìdí fún un. Gbogbo orí tó wà nínú ọgbà náà yí sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Abdulbaqi dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó na apá rẹ̀ tì í, ó sì padà wá jókòó.

Àáfà Abdulkabir wúkọ́. "Alága, àdúrà ọkọ̀ tuntun ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ká tún un ṣe ni?"

Ẹ̀rín sọ káàkiri ọgbà. Alága pariwo lé e lórí: "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú àlòkù?"

"Kò sí," ni Ìyá Mùs'áb dá a lóhùn, kò sì pariwo. "Àlòkù ni gbogbo wa ń gùn. Mo ti kọ ọ́ síhìn-ín pé ó wù mí ju gbogbo ọkọ̀ lọ, ká ní ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé yìí wá fún yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ bá ti rí i kà. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ò rí ọkọ rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún." Ó nawọ́ sí Àlímátù. "Ẹ mú ìbẹ̀rù rẹ̀, ẹ fi bo díńgí. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìwé mi á máa wà lórí káńtà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mo kọ, kó wá kà á. N kò ní yí àga mi padà."

Àlímátù kẹ̀yìn sí alága. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá Harriet gbé abọ́ ike náà ru Ìyá Mùs'áb, àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jáde ní ẹnu geeti.

Kò tíì ju wákàtí kan lọ tí Ìyá Mùs'áb ti tún wà lórí àga rẹ̀. Ó ti gbé e síwájú ní ẹsẹ̀ méjì, ó kù díẹ̀ kó wọ títì. Harriet ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ran nǹkan kan, kò gbójú sókè. Ummulkulthum dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, ó to ìwé mọ́kànlá náà sórí káńtà láàárín àwọn bútà. Fóònù dún. Fọ́tò kan dé láti Guangzhou, Sátidé tí kì í ṣe ọjọ́ wọn: ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n ya ojú ológbò sí níwájú. Lábẹ́ rẹ̀, Mùs'áb kọ nọ́ńbà rẹ̀, wákàtí, àti ibi tó kọrí sí.

Ìyá Mùs'áb ò tíì dáhùn. Nǹkan kan ń bọ̀ láti ọ̀nà ilé ìwé, kò dún. Ó ṣí ìwé tuntun, ó wo aago, ó kọ ọ́ kíákíá bí ọkọ̀ náà ṣe ń kọjá níwájú rẹ̀:

"Sátidé, ọjọ́ ìmọ́tótó. Aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ Ṣáínà, àwọ̀ ẹyẹlé, díńgí òsì dúdú. Ó kọrí sílé. Alága ló wà á, òun nìkan. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Èmi wò ó."

Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i, ó fa ìlà sísàlẹ̀, ó sì ń retí èyí tó kàn.